Ojú gbígbẹ lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ kátáráàtì: ti ọwọ́, ti ẹ̀rọ, tàbí lésà?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, dókítà. Abẹ́òkúta la ń gbé, ọmọ ọdún 68 sì ni màmá mi. Lọ́dún tó kọjá ni wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ kátáráàtì sí ojú ọ̀tún wọn, irú èyí tí wọ́n ń fi ọwọ́ yọ tí wọn kì í rán. A dúpẹ́, wọ́n ń ríran dáadáa. Àmọ́ odindi oṣù mẹ́ta ni ojú náà fi ń ta wọ́n, tó ń da omi, tí wọ́n ń sọ pé ó dà bíi pé iyanrìn wà nínú rẹ̀. Ó ti dẹwọ́, kò sì tíì tán pátápátá. Ojú òsì ló kù báyìí. Ilé ìwòsàn ní ẹ̀rọ ni àwọn máa fi ṣe é lọ́tẹ̀ yìí. Ẹ̀gbọ́n mi tó wà ní London ní lésà ni kí a wá lọ, pé àwọn máa san owó rẹ̀. Èwo nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni kò ní mú ojú gbẹ? Mo gbàgbé láti sọ pé màmá ní àtọ̀gbẹ, wọ́n sì ń kán oògùn gùlákómà láràárọ̀ àti lálaalẹ́.

Ìdáhùn: Ẹ kú ìtọ́jú màmá. Lẹ́ńsì inú ojú tó ti funfun là ń pè ní kátáráàtì, ọ̀nà mẹ́ta tí ẹ béèrè yìí ni wọ́n sì ń gbà yọ ọ́. Kí n kọ́kọ́ sọ èyí tí ẹ ń wá: kò sí ọ̀kan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tí kò lè mú ojú gbẹ. Èyí tí wọ́n ń fi ẹ̀rọ ṣe sábà máa ń fúyẹ́ ju ti ọwọ́ lọ ní ọ̀sẹ̀ díẹ̀ àkọ́kọ́. Lésà, ìyẹn ìmọ́lẹ̀ líle tó lè gé nǹkan, kò sàn ju ẹ̀rọ lọ nínú ọ̀rọ̀ yìí, ó tilẹ̀ lè le díẹ̀ sí i. Tó bá fi máa di bí oṣù mẹ́ta, ìyàtọ̀ tó wà láàárín wọn kì í fi bẹ́ẹ̀ tó nǹkan mọ́. Gbólóhùn tí ẹ ní ẹ gbàgbé yẹn, ti àtọ̀gbẹ àti oògùn gùlákómà (àìsàn tó ń fọ́ ojú tí kì í padà), òun ni mo fi ìlà sí nídìí. Ibẹ̀ ni iṣẹ́ pọ̀ sí ju irú abẹ tí wọ́n máa lò lọ.

Omi tó wà lójú wa kì í ṣe omi lásán. Ìpele mẹ́ta ló ní, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó fẹ́lẹ́ gan-an. Èyí tó kan ẹyinjú jẹ́ ohun yíyọ̀ kan tó ń jẹ́ kí omi lè lẹ̀ mọ́ ojú. Inú awọ fẹ́lẹ́ tó bo funfun ojú ló ti ń wá. Omi gan-an ló wà láàárín. Ọ̀rá díẹ̀ ló wá bo òkè pátápátá, kí omi náà má baà tètè gbẹ. Etí ìpéǹpéjú, nítòsí ìdí irun rẹ̀, ni àwọn ihò tíntìntín tó ń tú ọ̀rá yìí jáde wà. Bí ọ̀kan bá ti yẹ̀ nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ojú á máa gbẹ. Ìdí nìyẹn tí ojú fi lè máa da omi kó sì jẹ́ pé gbígbẹ ló ń yọ ọ́ lẹ́nu. Bó bá ti ń ta, á pe omi púpọ̀ lójijì. Omi náà kò ní ọ̀rá tó máa dá a dúró, á ṣàn sí ẹ̀rẹ̀kẹ́, ojú á tún gbẹ padà. Àwọn tó ń wá sọ́dọ̀ mi kì í fẹ́ gbà á. “Dókítà, ojú tó ń da omi yìí náà lẹ ní ó gbẹ?” Òun náà ni.

Ta ló wá ń sọ fún ara pé omi ojú ti ń tán? Kọ́níà ni, ìyẹn awọ dídán tó bo dúdú ojú, tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà wọlé. Iṣan ìmọ̀lára tó wà nínú rẹ̀ pọ̀ débi pé kò sí ibòmíràn lára èèyàn tó tó o, ìdí sì nìyẹn tí ẹyọ irun kan ṣoṣo fi lè da odindi èèyàn láàmú bó bá bọ́ síbẹ̀. Etí rẹ̀, níbi tí dúdú ojú ti pàdé funfun, ni àwọn iṣan náà ń gbà wọ inú rẹ̀. Etí kan náà ni àwa oníṣẹ́ abẹ ń gbà wọlé. Bí abẹ bá ti gé wọn, apá ibẹ̀ á kú, kò ní mọ̀ pé òun ń gbẹ, kò ní pe omi, onítọ̀hún kò sì ní máa ṣẹ́jú bó ṣe yẹ. Iṣan náà á tún hù. Ó máa ń gbà tó oṣù mẹ́ta, nígbà míì ó ń jù bẹ́ẹ̀ lọ, pàápàá lára ẹni tó ní àtọ̀gbẹ. Ìyà tí ojú ọ̀tún màmá fi jẹ wọ́n fún oṣù mẹ́ta bá èyí mu rẹ́gí.

Ẹ wá wo bí ojú abẹ ṣe ń gùn tó. Nínú iṣẹ́ abẹ àtijọ́, èyí tí wọ́n ń fi òwú rán, mìlímítà 10 sí 12 ni wọ́n ń là. Ìyẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdá kan nínú mẹ́ta yíká dúdú ojú, orí òwú náà sì lè yọ síta kó máa gún ìpéǹpéjú. Bí ẹnikẹ́ni bá ní òwú lójú tí ojú náà ń ta, kó lọ jẹ́ kí dókítà wo òwú ọ̀hún kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í ra oògùn ojú gbígbẹ. Kò pọ̀ mọ́ lóde òní, ṣùgbọ́n a ṣì ń rí àwọn tí wọ́n ṣe é fún.

Èyí tí wọ́n ṣe fún màmá ní ojú ọ̀tún kéré sí ìyẹn. Mìlímítà bíi 6 tàbí 7 ni, inú funfun ojú ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, wọ́n wá gbẹ́ ọ̀nà pẹlẹbẹ kan wọ inú, èyí tó máa ń pa ara rẹ̀ dé láìsí òwú. Iṣẹ́ abẹ tó wúlò gidigidi ni, òun ló sì gbé ọ̀pọ̀ èèyàn kúrò nínú òkùnkùn ní Íńdíà, ní Nepal àti níhìn-ín, nítorí kò ná wọn lówó púpọ̀. Ṣùgbọ́n kí wọ́n tó lè gbẹ́ ọ̀nà yẹn, wọ́n ní láti ká awọ fẹ́lẹ́ tó bo funfun ojú kúrò, wọ́n sì sábà máa ń fi iná jó àwọn iṣan ẹ̀jẹ̀ kéékèèké ibẹ̀ kí ẹ̀jẹ̀ lè dá. Ẹ rántí pé inú awọ yẹn ni ohun yíyọ̀ tó ń mú omi lẹ̀ mọ́ ojú ti ń wá. Nítorí náà ọ̀nà méjì ni ó gbà kan omi ojú: ó gé iṣan, ó sì tún da awọ rú.

Ti ẹ̀rọ ńkọ́? Ojú abẹ rẹ̀ kì í ju mìlímítà 2 sí 3 lọ. Charles Kelman, oníṣègùn ojú kan ní New York, ló gbé e jáde ní ọdún 1967, lẹ́yìn tó jókòó sórí àga oníṣègùn eyín tó rí bí irin tó ń gbọ̀n ṣe ń tú ìdọ̀tí kúrò lára eyín láìmi eyín fúnra rẹ̀. Abẹ́rẹ́ tó ń gbọ̀n ní ìwọ̀n tí etí kò lè gbọ́ ni wọ́n ń tì wọ inú ojú. Á fọ́ lẹ́ńsì tó ti funfun sí wẹ́wẹ́, á sì fà á mu. Wọn kì í sábà ká awọ kankan. Kò yani lẹ́nu pé púpọ̀ nínú ìwádìí tó fi méjèèjì wéra rí i pé ti ọwọ́ ń mú ojú gbẹ ju ti ẹ̀rọ lọ ní ọ̀sẹ̀ kìn-ín-ní àti ní oṣù kìn-ín-ní, kí àwọn méjèèjì tó wá ń sún mọ́ ara wọn bí ọjọ́ ṣe ń lọ.

Kí ẹ tó wá sọ pé ẹ̀rọ ló dáa nígbà náà, ẹ gbọ́ èyí. Bí lẹ́ńsì bá ti pọ́n tàbí tó ti dúdú, tó sì le, ẹ̀rọ ní láti gbọ̀n pẹ́ kó tó lè fọ́ ọ, agbára yẹn sì lè pa ìpele inú kọ́níà lára, ìyẹn ìpele tí kì í tún hù. Fún irú ojú bẹ́ẹ̀, ọwọ́ oníṣẹ́ abẹ tó mọ iṣẹ́ lè fọkàn ẹni balẹ̀ ju ẹ̀rọ lọ. Ní Nepal, ìwádìí kan tí Sanduk Ruit, oníṣẹ́ abẹ ojú, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé jáde ní 2007 fi ti ọwọ́ àti ti ẹ̀rọ wéra lára ẹni 108. Àwọn tí wọ́n fi ọwọ́ ṣe fún àti àwọn tí wọ́n fi ẹ̀rọ ṣe fún ló ríran dáadáa, ti ọwọ́ sì yá ju, owó rẹ̀ sì kéré ju. Bí dókítà yín bá wo ojú òsì màmá tó ní ti ọwọ́ náà ni kí wọ́n tún ṣe, ẹ má ṣe rò pé wọ́n fẹ́ fi nǹkan dù yín. Ojú gbígbẹ ṣeé tọ́jú. Kọ́níà tó ti wú tó sì ti ṣú kò rọrùn bẹ́ẹ̀.

Mo fẹ́ kí ẹ fi ọ̀rọ̀ lésà yìí han ẹ̀gbọ́n yín. Ní Budapest ni dókítà ojú kan, Zoltán Nagy, ti kọ́kọ́ lò ó fún kátáráàtì ní 2008. Ohun tí lésà ń ṣe kò pọ̀ tó bí orúkọ rẹ̀ ṣe ń dún: òun ló ń la ojú abẹ, òun ló ń gé iwájú àpò lẹ́ńsì ní róbótó, ó sì ń la lẹ́ńsì náà sí wẹ́wẹ́. Ẹ̀rọ Kelman kan náà ni wọ́n á tún gbé wọlé láti fi fa gbogbo rẹ̀ jáde. Kí lésà náà tó lè ṣiṣẹ́, ojú kò gbọdọ̀ mira, nítorí náà wọ́n á gbé òrùka kan lé e tí yóò fa ojú mọ́ra pẹ́kípẹ́kí. Orí awọ tó ń pèsè ohun yíyọ̀ yẹn ni òrùka náà ń jókòó lé. Àwọn tó yẹ̀ ẹ́ wò rí i pé ojú tí wọ́n fi lésà ṣe máa ń gbẹ ju èyí tí wọ́n fi ẹ̀rọ nìkan ṣe lọ ní ìbẹ̀rẹ̀, pàápàá bí ojú náà bá ti ń gbẹ tẹ́lẹ̀. Bó bá sì jẹ́ ti ìríran, ìwádìí ńlá méjì ló jáde ní 2020, ọ̀kan ní Faransé, ọ̀kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì níbi tí ẹ̀gbọ́n yín wà gan-an. Kò sí èyí tó rí i pé lésà sàn ju ẹ̀rọ lọ. Ẹ̀rọ náà ni ilé ìwòsàn ìjọba ibẹ̀ ń fi ṣe èyí tó pọ̀ jù lọ. Èmi kò ní ná owó sórí lésà nítorí ojú gbígbẹ.

Ìkẹrin kan wà tí ẹ kò béèrè, mo sì mọ̀ pé àwọn kan tó máa ka èyí ní ìyá tàbí bàbá tó ń rò ó: àwọn tó ń kiri ìlú tí wọ́n ń fi abẹ́rẹ́ ti lẹ́ńsì ṣubú sínú ojú. Nígbà tí wọ́n ṣe ìwádìí ojú jákèjádò Nàìjíríà láàárín 2005 sí 2007, ó ju mẹ́rin lọ nínú ojú mẹ́wàá tí wọ́n ti “ṣe” kátáráàtì fún tó jẹ́ pé abẹ́rẹ́ yẹn ni wọ́n fi ṣe é. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ló fọ́. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n fọwọ́ kan màmá.

Ó wá ku oògùn. Bí mo bá ní kí n dárúkọ ohun kan ṣoṣo tí àwọn èèyàn kì í fura sí, inú ìgò oògùn ojú ló wà. Èròjà kan wà tí wọ́n ń fi sínú rẹ̀ kí kòkòrò má baà hù níbẹ̀ lẹ́yìn tí ẹ bá ti ṣí i. Benzalkonium chloride lorúkọ rẹ̀, ẹ ó rí i lára páálí. Ohun tí ọṣẹ ń ṣe sí ọ̀rá ara abọ́ lòun náà ń ṣe sí ọ̀rá tó bo omi ojú. Bí ó bá jẹ́ ẹ̀ẹ̀kan lójúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ kan, ojú lè fara dà á. Màmá ti ń kán oògùn gùlákómà láràárọ̀ àti lálaalẹ́, bóyá láti ọdún pípẹ́. Lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, wọ́n á tún fi oògùn kòkòrò àti sítẹ́rọ́ìdì (oògùn líle tó ń dín wíwú kù) lé e, ìgbà mẹ́rin tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lójúmọ́, fún nǹkan bí oṣù kan, nígbà míì pẹ̀lú ìkẹta tí òun náà ń dín wíwú kù. Ẹ kà á: ó lè ju ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá lọ lójúmọ́ tí èròjà yẹn máa wọ ojú kan ṣoṣo tí iṣan rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ gé. Mo rò pé ohun tó pa ojú ọ̀tún lára jù nìyẹn.

Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tìtorí ohun tí mo sọ yìí dá oògùn gùlákómà dúró. Ojú gbígbẹ ń dun ni, gùlákómà kì í sábà dun ni, òun ló sì ń fọ́ ojú tí kì í padà. Ohun tí ẹ máa béèrè lọ́wọ́ dókítà ni bóyá ó ṣeé ṣe kí wọ́n yí i sí irú tí kò ní èròjà yẹn nínú, tàbí kí wọ́n fi ìgò kan tó ní oògùn méjì pa pọ̀ rọ́pò ìgò méjì. Ẹ béèrè ohun kan náà nípa oògùn lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ. Kò fi gbogbo ìgbà wà nílé oògùn níhìn-ín, ó sì wọ́n, ṣùgbọ́n nǹkan tí owó ẹ̀gbọ́n yín lè ṣe ni.

Àtọ̀gbẹ ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀. Ó ń pa iṣan ìmọ̀lára ojú bó ṣe ń pa ti àtẹ́lẹsẹ̀. Kọ́níà màmá lè ti kú díẹ̀ kí abẹ tó kàn án rárá. Ìyẹn ń fa ohun kan tó lè tan yín jẹ: wọ́n lè sọ pé ojú ti fúyẹ́, kí dókítà wá kán àwọ̀ sí i kó rí i pé ara kọ́níà ti bó yọ́yọ̀ọ́yọ́. Nítorí náà ẹ má fi ìrora nìkan mọ ìlera ojú òsì yìí. Kí wọ́n máa lọ fún àyẹ̀wò tí wọ́n bá dá fún wọn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n ní ara le, kí ṣúgà wọn sì ti balẹ̀ kó tó di ọjọ́ iṣẹ́ abẹ.

Èyí tó kàn yìí ni mo kà sí pàtàkì jù, òun ni ilé ìwòsàn tí èrò pọ̀ sí sì máa ń fò. Kí wọ́n yẹ omi ojú wò KÍ wọ́n tó ṣe iṣẹ́ abẹ. Àyẹ̀wò náà kò le. Wọ́n á kán àwọ̀ ọsàn kan sójú, wọ́n á ní kí màmá má ṣẹ́jú, wọ́n á sì ka ìṣẹ́jú àáyá tó gbà kí omi ojú tó já; bí kò bá tó 10, kò dáa. Òmíràn ni bébà pẹlẹbẹ tí wọ́n ń fi há ìpéǹpéjú ìsàlẹ̀ fún ìṣẹ́jú 5 láti mọ bí omi ṣe rìn tó lára rẹ̀. Mìlímítà 5 sísàlẹ̀ jẹ́ àmì pé omi kò tó. Ní Amẹ́ríkà, wọ́n ṣe irú àyẹ̀wò báyìí fún ẹni 136 tó ń dúró de iṣẹ́ abẹ kátáráàtì, wọ́n sì tẹ èsì rẹ̀ jáde ní 2017. Ìdá 63 nínú ọgọ́rùn-ún ojú ni omi rẹ̀ ti já kó tó ju ìṣẹ́jú àáyá 5 lọ. Ẹni bíi 22 nínú ọgọ́rùn-ún péré ni dókítà ti sọ fún rí pé ojú rẹ̀ ń gbẹ. Ìyẹn ni pé ọ̀pọ̀ ojú tí wọ́n ń sọ pé iṣẹ́ abẹ ló mú un gbẹ, ó ti ń gbẹ tẹ́lẹ̀. Kátáráàtì ni kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni wò ó.

Ìdí kejì tún wà. Lẹ́ńsì àtọwọ́dá tí wọ́n máa fi rọ́pò èyí tí wọ́n bá yọ ní nọ́ńbà, ara bí kọ́níà ṣe tẹ̀ ni wọ́n sì ti ń wọn nọ́ńbà náà. Bí ojú bá gbẹ, ara kọ́níà kò ní tẹ́jú, ẹ̀rọ á ka ìkàkukà, lẹ́ńsì tí kò bá ojú mu ni wọ́n á fi sí i. Bí wọ́n bá rí i pé ojú òsì ń gbẹ, ẹ jẹ́ kí wọ́n sún iṣẹ́ abẹ síwájú ní ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́rin, kí wọ́n tọ́jú rẹ̀, kí wọ́n sì tún un wọ̀n. Kátáráàtì màmá kò ní sá lọ.

Ìtọ́jú náà kò ní àdììtú. Omi ojú àtọwọ́dá ni, irú èyí tó wà nínú ike kéékèèké tí wọ́n ń ṣí lẹ́ẹ̀kan tí wọ́n sì ń sọ nù, nítorí pé òun ni kì í ní èròjà inú ìgò yẹn. Ẹ̀ẹ̀mẹrin lójúmọ́, ó kéré tán. Ẹ máa fi aṣọ mímọ́ tí ẹ rì sínú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ lé ìpéǹpéjú tí wọ́n bá ti pa á dé, fún ìṣẹ́jú 5 sí 10, kí ọ̀rá tó ti dì níbẹ̀ lè yọ́, kí ẹ wá rọra nu ìdí irun rẹ̀. Lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, ẹ dá aṣọ gbígbóná àti gbogbo ohun tó bá ń tẹ ojú dúró títí dókítà yóò fi ní ó ti yá. Bí gbogbo ìyẹn kò bá tó, dókítà ní oògùn bíi cyclosporine, ó sì lè fi ìdérí tíńtínní dí ihò tí omi ojú ń gbà lọ sí imú. Ẹ̀gbọ́n yín lè fẹ́ fi òróró ẹja ránṣẹ́, nítorí ó gbajúmọ̀ lọ́dọ̀ wọn. Ìwádìí ńlá kan ní Amẹ́ríkà fún ẹni 535 ní òróró ẹja tàbí òróró ólífì fún ọdún kan. Nígbà tó jáde ní 2018, kò sí ìyàtọ̀ láàárín wọn. Kí wọ́n fi owó rẹ̀ ra omi ojú.

Lọ́jọ́ iṣẹ́ abẹ, wọ́n á fi oògùn aláwọ̀ pupa rúsúrúsú fọ ojú, povidone-iodine ni. Ó ń ta, ó sì ń mú ojú gbẹ díẹ̀. Ẹ má ṣe bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n fò ó, nítorí òun ló ń pa kòkòrò tó lè wọ inú ojú kó sì bà á jẹ́ pátápátá. Kí wọ́n ṣáà fi omi ṣàn án kúrò dáadáa, kí wọ́n sì máa wọ́n omi sí kọ́níà bí iṣẹ́ ṣe ń lọ lábẹ́ iná maikirosíkópù. Oníṣẹ́ abẹ tó mọṣẹ́ ti ń ṣe ìyẹn láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni rán an létí.

Nílé, bí ẹ bá ń kán oògùn méjì, ẹ fi ìṣẹ́jú 5 sí àárín wọn, kí èkejì má baà fọ èkíní dànù. Ẹ má kọjú fáànù sí màmá lórí bẹ́ẹ̀dì. Kí wọ́n má dáná igi, kí wọ́n má sì jókòó síbi èéfín fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Bí ọjọ́ iṣẹ́ abẹ bá bọ́ sí àkókò ọyẹ́, tí kò sì sí ìdí kánjúkánjú, ẹ béèrè bóyá ó ṣeé sún, nítorí afẹ́fẹ́ gbígbẹ àti eruku yẹn kò ṣàánú ojú kankan. Tí wọ́n bá ń ṣe àlùwàlá, kí wọ́n rọra fi ọwọ́ tútù nu ojú, kí wọ́n má da omi sí i ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́. Kí wọ́n gbàgbé tìróò pátápátá. Mo mọ̀ pé àwọn ìyá wa gbà pé ó ń tu ojú lára, ṣùgbọ́n òjé ló kún inú ọ̀pọ̀ rẹ̀. Ní Boston ní 2011, tìróò tí wọ́n gbé wá láti Nàìjíríà ló fi òjé sínú ẹ̀jẹ̀ ọmọ ọwọ́ kan.

Ẹ tún wo àpò oògùn màmá. Piriton, amitriptyline, àti oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tó ń mú ni tọ̀, gbogbo wọn lè dín omi ojú kù. Ẹ kó wọn lọ han dókítà. Ẹ má fúnra yín yọ èyíkéyìí. Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ní kẹ́míìsì ta oògùn “ojú pupa” fún wọn. Àwọn kan nínú rẹ̀ ń sé iṣan ẹ̀jẹ̀ fún wákàtí díẹ̀, pupa náà á sì padà ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Àwọn mìíràn ní sítẹ́rọ́ìdì nínú, ẹni tó ní gùlákómà kò sì gbọdọ̀ kán ìyẹn lẹ́yìn oṣù tí dókítà fún un. Ọmú ìyá, omi ṣúgà, ìtọ̀, mo ti rí gbogbo rẹ̀. Kí wọ́n má kán ọ̀kankan.

Gbígbẹ máa ń le jù láàárín ọ̀sẹ̀ kìn-ín-ní sí oṣù kìn-ín-ní, lẹ́yìn náà á máa dẹwọ́. Bó bá jẹ́ pé ńṣe ni ìrora ń le sí i lójoojúmọ́, tí ojú ń pọ́n sí i, tí ìríran ń lọ sílẹ̀, tàbí tí ọyún ń jáde, ìyẹn kì í ṣe ojú gbígbẹ. Ọjọ́ náà gan-an ni kí ẹ gbé wọn lọ, ì báà jẹ́ lóru. Bákan náà ni bí wọ́n bá ń rí ìmọ́lẹ̀ tó ń kọ mànà, tàbí ohun tó dà bí aṣọ ìkélé tó ń bọ̀ láti ẹ̀gbẹ́ kan.

Ní ti ojú ọ̀tún tí kò tíì tán yẹn, kí wọ́n yẹ òun náà wò lọ́jọ́ kan náà tí wọ́n bá ń yẹ ti òsì wò. Bí ìríran bá ń ṣú tó sì ń mọ́ bí wọ́n bá ti ṣẹ́jú, gbígbẹ ló kù níbẹ̀. Bí ó bá ṣú tí ṣíṣẹ́jú kò mú un mọ́, ó lè jẹ́ pé àpò tí wọ́n fi lẹ́ńsì náà sí ti ń funfun, èyí tó wọ́pọ̀ láàárín ọdún mélòó kan lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, irú èyíkéyìí tó wù kó jẹ́. Ìyẹn ní lésà tirẹ̀, ọ̀tọ̀ sí ti ẹ̀gbọ́n yín. Ìṣẹ́jú díẹ̀ ni wọ́n fi ń ṣe é lórí àga, kò gba abẹ. Kí wọ́n mọ èyí tó jẹ́ ṣáájú kí wọ́n tó mú ọjọ́ fún ojú òsì.